Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Máa Dé Etí Odò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Gáréèjì Wa

Alága wa, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ariwo tí ẹ ń gbọ́ láti ìdájí di alẹ́. Mo kí àwọn dẹ́rẹ́bà yín, mo kí àwọn kọ̀ndọ́, mo sì kí àwọn ọmọ tó ń pe èrò níwájú gáréèjì, pàápàá ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ ti há tipẹ́, síbẹ̀ tí a máa ń gbọ́ ọ láti orí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà.

Mi ò ní dárúkọ gáréèjì yín, mi ò sì ní dárúkọ yín, torí pé mi ò jókòó kọ̀wé láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Mile 12, tó sì ń forí lé ìsàlẹ̀ odò ní ìrọ̀lẹ́, yóò ti mọ ibi tí mò ń wí. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lókè, nítòsí títì. Ilé mi wà ní Etí Odò. Ọkọ̀ yín ni mo fi ń ti ibì kan dé ibì kejì. Kọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ti bá yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ fún kọ̀ndọ́, á ní dẹ́rẹ́bà ni ká bá wí. Dẹ́rẹ́bà á ní òun kọ́ ló ṣe òfin gáréèjì. Àgbèrò á wò wá láti òkè délẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ lọ bá Alága." Ìgbà tí àwa bá sì máa ti ibi iṣẹ́ dé, ọ́fíìsì yín á ti wà ní títì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí ẹni tó bá rí i bá mi fi hàn yín lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọkọ̀ yín kì í dé Etí Odò mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí Máńgòrò ló ń dúró sí, owó Etí Odò ló sì ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ọ̀nà wa. Láti gáréèjì, ọ̀dà wà nílẹ̀ títí dé ìdí igi máńgòrò ńlá kan tí gbogbo ayé mọ̀. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí àfonífojì odò Ògùn. Ọ̀dà tán níbẹ̀, kòtò gbà á, gọ́tà kò ní ìdérí, iná ojú títì kò sí. Ilé pọ̀ nísàlẹ̀ o, oko ẹ̀fọ́ náà sì pọ̀: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, wọ́n gbìn ín dé etí omi. Ẹni tó bá jí sí ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó ń gbọ́ tí àkùkọ ń kọ, tó ń rí ìrì lórí ewé, lè gbàgbé pé ìpínlẹ̀ Èkó lòun wà, àfi tó bá gbójú sókè tó rí àwọn ọkọ̀ tẹ́ńkà tó ń sáré lórí títì Ìkòròdú lọ́ọ̀ọ́kán.

Ní ìdájí, ẹ̀yin lẹ ń wá wa wá. Aago márùn-ún kò tíì ní lù tí kọ̀rọ́pe á ti tò sí Etí Odò, tí kọ̀ndọ́ á máa ké, "Mile 12 wọlé, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" A kì í jà láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Àgbèrò á ké, "Etí Odò! Etí Odò tààrà!" A ó wọlé, a ó fún ara wa mọ́ra, kọ̀ndọ́ á gba ₦300 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, á so àwọn tí kò ní ṣéńjì pọ̀ ní méjì méjì. Bí ọkọ̀ bá dé ìdí Máńgòrò, dẹ́rẹ́bà á pa ẹ́ńjìnnì. Òun kò ní sọ̀rọ̀. Kọ̀ndọ́ ni yóò ṣílẹ̀kùn: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ibi tí a ń lọ rèé." Ariwo á sọ. Ẹnì kan á ní òun ò sọ̀kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Dẹ́rẹ́bà á tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Àwọn tí wọ́n so pọ̀ á máa wá ara wọn kiri nínú òkùnkùn nítorí ₦400 tó jẹ́ ti ẹni méjì.

Ohun tó ń tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín wá fojú rí, Alága. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ tán, kọ̀ndọ́ kan náà á fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, á gbẹ́nu sókè: "Etí Odò, ₦200! Etí Odò wọlé!" Ọkọ̀ tó ní òun kò lọ mọ́ náà ni o. Èrò tó ń pè, àwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé sílẹ̀ náà ni. Mo ti padà sórí ìjókòó tí ooru ara mi kò tíì kúrò lórí rẹ̀, mo sì san ₦200 lé e. Bí òjò bá ṣú, ₦200 á di ₦300. Ẹlòmíràn á bínú, á fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè bínú mọ́.

Àwọn tó ń gbẹ́rù ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Àwọn obìnrin kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé ọjà Mile 12 ni wọ́n ti ń ra tòmátì àti ata rodo tí wọ́n ń tà níwájú ilé. Wọ́n ti san owó ẹrù ní gáréèjì. Okùn ni kọ̀ndọ́ fi so bùútù ọkọ̀ pa, agbọ̀n wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ìdí Máńgòrò, á tú okùn, á wọ́ agbọ̀n sílẹ̀, omi tòmátì á ti máa ro sórí ilẹ̀. Ìyá yẹn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi iná fóònù tan inú agbọ̀n, á máa ṣa àwọn tó ti fọ́ sí apá kan. Ẹ̀ṣà ni yóò tà wọ́n. Èrè ọjọ́ yẹn ti lọ síbẹ̀. Bí ọkọ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀ bá sì dé, owó ẹrù mìíràn nìyẹn, nítorí pé wọ́n ní ìrìn-àjò mìíràn ni.

Ti àwọn ọmọ iléèwé kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tó ń ṣe lẹ́sìnnì, tó bá dé ìdí Máńgòrò tí kò ní ₦200 mọ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ẹ̀yin náà lọ́mọ.

Ó yẹ kí n rán yín létí bí àṣà yìí ṣe wọlé, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń wa ọ̀nà wa báyìí kò sí níbẹ̀. Omi ló mú un wá. Odò Ògùn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òkè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, kó tó já sínú ọ̀sà. Lórí Ọ̀yán, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn odò tó ń wọ inú rẹ̀, ni wọ́n kọ́ dámù sí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983. Bí òjò bá ti pọ̀ ní òkè tí dámù sì kún, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni omi náà sì máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè máa ràn yòò ní Mile 12 ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, tí omi á sì máa gòkè wọ ilé wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, gbogbo Èkó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí omi ṣe lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú jáde nílé. Àwọn ará Àgílítì mọ̀ ọ́n, àwọn ará Òwódé Onírin mọ̀ ọ́n. Irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé wa láti ìdí Máńgòrò dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Kò sẹ́ni tó bá awakọ̀ jà nígbà náà. Ta ni yóò ní kí ènìyàn wa kọ̀rọ́pe wọ inú odò? Ìdí Máńgòrò ni ọkọ̀ ń dúró sí, owó ìdí Máńgòrò ni a ń san, gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan dé tí omi fà, tí ilẹ̀ gbẹ, tí a tún ti ń gbin ẹ̀fọ́ síbi tí ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ń gbà, tí ọkọ̀ yín ṣì ń dúró sí ìdí Máńgòrò ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ti jẹ adùn rẹ̀. Omi lọ, àṣà jókòó.

Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí ojú awakọ̀ ń rí. Mo ti jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó, mo sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Kó tó di 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ₦185 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni a ń ra lítà epo bẹntiróòlù kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán tó fi di ₦488 ní Èkó, nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 2024 sì máa dé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ₦1,000. Owó ọkọ̀ gòkè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sáré tó epo. Lẹ́yìn epo, owó gáréèjì wà níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 pé ₦800 lójúmọ́ ni kí awakọ̀ máa san lápapọ̀, síbẹ̀ nígbà tó di òpin oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àwọn awakọ̀ kan ní Èkó gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ní bọ́sítọ́ọ̀bù lórí bọ́sítọ́ọ̀bù ti pọ̀ jù. Mi ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì tiyín. Ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ ń gbà, àwọn ọmọ yín ló mọ iye tó kù sí wọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kan fi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ kan, ó ní ṣọ́kù tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ló ti ń da epo yẹn. Mi ò mọ ọkọ̀ tún ṣe, ṣùgbọ́n mo rí epo náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń ká wọn lára jù, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ni pípadà lófìfo. Láàárọ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ ló ń gòkè. Èrò mélòó ló ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn? Síbẹ̀ dẹ́rẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀ lófìfo, torí ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun á kún kó tó tún gòkè. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo òkè ló ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá já wa sí Etí Odò ní aago mẹ́jọ alẹ́, ta ni yóò gbé padà? Ajá ló wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń lọ fún ìṣọ́ òru. Tó bá dúró ní ìdí Máńgòrò, yóò rí ẹni méjì mẹ́ta tó ń lọ sí òkè, yóò sì tètè padà sórí ìlà kí èrò tó tú ká. Ẹni tó bá dé Etí Odò á padà wá bá ọkọ̀ márùn-ún níwájú rẹ̀. Ẹni tó ṣe òótọ́ ló ń pàdánù, ẹni tó já wa sílẹ̀ ló ń kówó lọ sílé. Bí ètò bá rí báyìí, Alága, kò sí ìwàásù tí ẹ lè wàásù fún awakọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́ létí. Èmi náà, tí mo bá ń wakọ̀, mo lè máa já wọn sí ìdí Máńgòrò.

Torí náà, ìlà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn. Ọ̀dọ̀ yín ni agbára rẹ̀ wà, kò gba kí ẹ dúró de ìjọba. Ẹ fi ẹnì kan sí Etí Odò láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó máa fún dẹ́rẹ́bà tó bá gbé èrò dé ibẹ̀ ní páálí kékeré kan tí ọjọ́ òní wà lára rẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà náà bá padà dé gáréèjì, tó fi páálí yẹn hàn, kó má tò mọ́. Iwájú ni kó bọ́ sí, kó gbé èrò tó bá wà nílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní páálí, kó lọ sẹ́yìn. Ẹ óò rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn dẹ́rẹ́bà fúnra wọn ni yóò máa du Etí Odò. Àkókò tí wọ́n fi ń padà lófìfo ni wọn yóò gbà padà lórí ìlà. Kò ná yín ju páálí lọ, àti owó oúnjẹ ọmọ tó máa jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá tún lè fojú fo owó tíkẹ́ẹ̀tì ìrọ̀lẹ́ fún ẹni tó bá mú páálí méjì wá, Ọlọ́run á bá yín fi kún un, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn dí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ owó ọkọ̀ sára pátákó, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí èrò ti ń wọlé: gáréèjì sí ìdí Máńgòrò, iye báyìí, gáréèjì sí Etí Odò, iye báyìí. Tí epo bá wọ́n tí ẹ ní láti fi kún un, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ tuntun. A ò ní bá yín jà. Tí ₦300 kò bá gbé e mọ́, tó bá jẹ́ ₦400 ló máa gbé wa dé ilé láì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ọ́. Àwa tí a ń san ₦500 nísinsìnyí la máa kọ́kọ́ ṣe àmín. Ohun tí ara wa kò gbà ni kí wọ́n pe ibì kan fún wa ní gáréèjì, kí wọ́n sì fún wa ní ibòmíràn lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà tó wọ ọkọ̀ LMTS, bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, láyé ìgbà tí ìgbìmọ̀ náà ra iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Zarpas ní 1958 ṣì ń sọ̀rọ̀ kọ̀ndọ́ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Tí o bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti parí. A ò ní kí ẹ rán aṣọ iṣẹ́ fún kọ̀ndọ́ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè rán an fún yín ní owó pọ́ọ́kú). Pátákó nìkan là ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Fún àkókò omi, ẹ jẹ́ ká ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ká fi ọ̀dà pupa kùn ún láti ibi tí táyà kọ̀rọ́pe kò ti lè la omi kọjá. Tí omi bá ti kan pupa, ìdí Máńgòrò ni ọkọ̀ ń dúró sí, owó ìdí Máńgòrò ni a ó san, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo lé dẹ́rẹ́bà lórí. Tí omi bá ti fà kúrò lára pupa, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé Etí Odò láti ọjọ́ kejì. Ojú gbogbo ayé ni ọ̀pá náà yóò wà. Kò ní jẹ́ pé ẹnì kan jókòó sí òkè tó ń sọ pé omi ṣì wà, nígbà tí àwa ń sá gàrí síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè pé kí ló dé tí a ò lọ wọ nǹkan mìíràn. Kí ni a fẹ́ wọ̀? BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 lọ sí CMS ní Erékùṣù Èkó ní 17 oṣù kẹta ọdún 2008, títì ńlá ló wà fún. Nígbà tí wọ́n nà án dé Ìkòròdú ní 2015, ó gba orí wa kọjá. Rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ láti Marina dé Mile 2, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ láti Agbádò dé Òyìngbò. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tọ́jọ́ fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá ti CMS wọ BRT á rin kìlómítà 22 lórí ìjókòó kan, á fi káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ kan ẹ̀rọ, ó parí. Èyí tó kù fún un láti Mile 12 dé ilé kò tó nǹkan lójú àwòrán ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó tún ń fa ọ̀rọ̀ lórí ₦400 pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀kadà ló ń gbà wá tẹ́lẹ̀. Láti 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni òfin ti dé ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kósọ̀fẹ́ wa, títí kan Ìkòsì-Ìṣẹrí àti Agbóyì-Kétu. Àwọn kan ṣì ń yọ́ ọ wà ní alẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè, tí wọ́n bá sì gbọ́ pé àwọn agbófinró ń bọ̀, inú koríko ni èrò wọn máa bá ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Máruwá kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìdí Máńgòrò nítorí kòtò. Kọ̀rọ́pe yín ló kù. Bí ẹ bá dá a dúró lọ́nà, kò sẹ́lòmíràn.

Àwa náà ní ohun tí a máa ṣe. Mo ti bá àwọn onílé kan sọ̀rọ̀. Ibi tó burú jù lórí ọ̀nà yẹn kò ju ibi mẹ́ta lọ: ẹnu gọ́tà ní iwájú ilé alábẹ̀bẹ̀, ibi tí páìpù bẹ́ sí, àti ẹ̀bá oko ẹ̀fọ́. Tí ẹ bá ní ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìsàlẹ̀, a máa da òkúta àti yanrìn sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá, a ó sì tún un dà lẹ́yìn òjò. Ọ̀dà títẹ́ kò sí lágbára wa, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà tiwọn ń bọ̀ lọ́tọ̀. Èmi fúnra mi máa bá àwọn obìnrin sọ ọ́ ní ìpàdé pé kí wọ́n máa mú ṣéńjì dání. Òótọ́ tí mo gbọ́dọ̀ sọ ni pé àwọn èrò kan nísàlẹ̀ kì í kó ara wọn níjàánu. Ẹni tó bá mú ₦1,000 wọ ọkọ̀ ₦300 ní aago márùn-ún ìdájí, tó tún ń bú kọ̀ndọ́, kò ràn wá lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti la gíláàsì ọkọ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ ìdí Máńgòrò yìí. Ìyẹn kò dára, a sì ti bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé inú ló bí wọn.

Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ti dán ọ̀rọ̀ páálí yìí wò ní gáréèjì mìíràn. Tí ẹ bá ní ọ̀nà tó dára jù ú lọ, ẹ lò ó. Ẹ̀yin lẹ ti wakọ̀, èmi kò wakọ̀ rí. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, ẹ mú ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan péré, kí òjò tó wọlé. Ẹ yan dẹ́rẹ́bà bíi márùn-ún tí orí wọn pé, ẹ ṣàlàyé fún wọn, ẹ wo iye tí wọ́n mú délé ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó kù. Tí àwọn márùn-ún yẹn bá pàdánù, ẹ dá a dúró, a ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi rí ọgbọ́n mìíràn. Tí wọ́n bá jèrè, ẹ ò ní nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà ẹ wá wọ ọkọ̀ yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alága. Ẹ má wọ aṣọ ńlá, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ san ₦300 yín, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n á ṣe pe "Etí Odò tààrà". Ìyókù, ojú yín á tó o.

Tí ẹ bá fẹ́ rán ẹnì kan sí wa, kó béèrè aránṣọ tó wà níwájú ẹni tó ń lọ ata, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bí èèyàn bá ṣe ń bọ̀ láti títì. Mo máa ń wà níbẹ̀ títí di aago méje alẹ́, yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pá tí a ó ri mọ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn onílé ló fún wa, ọ̀dà pupa ló kù ká rà.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Etí Odò, Kósọ̀fẹ́, Èkó.